Ìkòkò tíì Yixing tí mo rà ní Guangzhou: ojúlówó ni àbí gbàrọgùdù?

Ẹ̀yin àgbà tó mọ nǹkan yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Guangzhou ni mo wà, ọjà ni mo ń rà ránṣẹ́ sílé. Ọ̀gá oníbàtà kan tí mo máa ń bá dòwò pọ̀ ló ń fi tíì ṣe mí lálejò nígbàkigbà tí mo bá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo wá lọ ra ìkòkò tíì amọ̀ kan ní ọjà tíì Fangcun, yuan 3,800. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé Gu Jingzhou, ọ̀gá amọ̀kòkò ìlú Yixing, ló mọ ọ́n. Òǹtẹ̀ wà nídìí rẹ̀, ìwé ẹ̀rí tó ní fọ́tò náà wà. Ó da omi sí i níwájú mi, bí ó ṣe ń dà á jáde, ó fi ìka dí ihò orí ọmọrí, omi dúró wáí. Ó ní ojúlówó nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Èwo ni ká gbà?

* * *

Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Gu Jingzhou kọ́ ló mọ ọ́n. Mi ò tíì rí ìkòkò náà, kò sì dìgbà tí mo bá rí i.

Ọdún 1915 ni wọ́n bí ọkùnrin náà, ó kú ní 1996, kò sì sí amọ̀kòkò Yixing ìgbà tiwa tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n tó tirẹ̀. Ìkòkò kan tó mọ ní 1948, èyí tí ayàwòrán Wu Hufan fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán sí lára, ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní Beijing ní 2010 ní mílíọ̀nù 12.32 yuan. Ní 2015, sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀kẹ́rẹ́ àti èso àjàrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ ní mílíọ̀nù 92. Ẹni tí irú rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò ní gbé e sórí pẹpẹ ní Fangcun kí ó máa retí ẹni tó wá ra bàtà.

Ṣùgbọ́n pé kì í ṣe ti Gu Jingzhou kò sọ ọ́ di ìkòkò burúkú. Ibi tí àríyànjiyàn yìí ti máa ń dàrú gan-an nìyẹn. Wọ́n á ní "ṣé ojúlówó ni?" bí ẹni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Mẹ́rin ni. Ṣé amọ̀ Yixing ni? Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n, bí wọ́n ṣe sọ fún ọ? Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nídìí ìkòkò ló mọ ọ́n? Ṣé ó pẹ́ láyé tó bí wọ́n ṣe wí? Ìkòkò lè jẹ́ amọ̀ Yixing gidi, kí ọwọ́ tó mọ ọ́n já fáfá, kí orúkọ ìdí rẹ̀ sì jẹ́ irọ́ funfun. Irú ìyẹn kún ìgboro. Ohun tí wọ́n tà fún ọ ni kí o dì mú: orúkọ ni wọ́n tà fún ọ, orúkọ yẹn kò sì sí níbẹ̀.

Fún àwọn tó ń ka èyí tí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí: Yixing jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, ní apá ìwọ̀-oòrùn adágún Taihu. Dingshu, ìlú kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ni àwọn amọ̀kòkò wà. Ìkòkò wọn kò ní dídán orí tánńganran. Bí amọ̀ ṣe jáde nínú iná náà ni wọ́n ń lò ó. Zisha ni wọ́n ń pe amọ̀ náà, òkúta ni kó tó di amọ̀, òkè Huanglongshan ni èyí tó lókìkí jù ti ń wá. Wọ́n á wà á, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn títí yóò fi máa fọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á tún tọ́jú u pamọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó lù ú. Lára àwọn tó pẹ́ jù tí a mọ ọjọ́ orí wọn dájú ni èyí tí wọ́n wú nínú sàréè ìwẹ̀fà ààfin kan tó ń jẹ́ Wu Jing ní Nanjing. Ọdún 1533 ni wọ́n sin ín.

* * *

Nínú èsì tí ẹ ti kọ, mo rí i pé èrò pọ̀ lẹ́yìn ìdánwò omi yẹn. Ọ̀gá kan tiẹ̀ ní òun kì í ra ìkòkò tí omi rẹ̀ kò bá dúró.

Ó dára kí omi dúró. Ó fi hàn pé ọmọrí bá etí ìkòkò mu régé. Ṣùgbọ́n kí ló kan ojúlówó nínú ìyẹn? Ihò orí ọmọrí ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí ó lè rọ́pò tíì tó ń jáde. Bí o bá dí i, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé mọ́, èyí tó wà níta á sì ti tíì padà sẹ́nu. Ìkòkò tánńganran ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde nínú mọ́ọ̀dù ló tiẹ̀ ń ṣe é dáadáa jù, nítorí ẹ̀rọ ló gé ọmọrí rẹ̀. Lọ mú ìkòkò tó ti wà láti ìgbà ìjọba Qing (1644 sí 1912), tí ọmọrí rẹ̀ ń mì jẹ́jẹ́ lórí rẹ̀, dán an wò bẹ́ẹ̀: omi á máa ṣàn lọ ni. Ṣé gbàrọgùdù nìyẹn náà?

Kí n tún kan àwọn ìdánwò yòókù, torí mo mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ wá mú wọn jáde. Wọ́n á fi ọmọrí kan etí ìkòkò, wọ́n á ní bó bá dún gooro bí irin, ojúlówó ni. Ohùn yẹn ń sọ bí iná ṣe gbóná tó àti bí ara ìkòkò ṣe nípọn tó. Nǹkan bí 1,100 sí 1,200 ìwọ̀n Celsius ni wọ́n fi ń sun zisha. Zhuni, amọ̀ pupa tó kúnná, máa ń dún gooro. Duanni, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ní ihò kéékèèké lára, máa ń dún pọ̀ọ̀. Àwọn méjèèjì, Yixing ni.

Wọ́n tún ń sọ pé ẹnu ṣọnṣọ tí tíì ń gbà jáde, etí ìkòkò àti òkè ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba gẹ́rẹ́ bí o bá dojú rẹ̀ délẹ̀. Òótọ́ ni fún àwọn oríṣi kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní Xishi, tí ọwọ́ rẹ̀ dorí kodò, ńkọ́? Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gba orí ìkòkò kọjá ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo ìdánwò wọ̀nyí ń wò. Ẹni tó ń tà fẹ́ràn wọn nítorí pé ọjà rẹ̀ á yege.

* * *

"Kí wá ni ká wò?" Inú rẹ̀ ni, àbúrò. Tan iná fóònù rẹ, ṣí ọmọrí, wo inú.

Ìlànà àtijọ́ Yixing kò lo àgbá tó ń yí kíákíá láti fa amọ̀ sókè. Wọ́n á fi òòlù onígi lu amọ̀ di pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e gẹ́gẹ́ bí ọ̀já, wọ́n á ká a yípo, wọ́n á lẹ etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ọwọ́ kan á wà nínú, èkejì á máa fi pátákó pẹlẹbẹ lu ìta, títí ìsàlẹ̀ yóò fi máa sún wọ inú. Wọ́n á fi amọ̀ róbótó dí i, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á ṣe òkè náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ ẹnu ṣọnṣọ àti ọwọ́ mọ́ ọn. Nítorí náà ibi tí wọ́n ti lẹ ọ̀já amọ̀ pọ̀ sábà máa ń wà nínú, lẹ́yìn ọwọ́ ìkòkò. Ibi tí ìdí àti ara pàdé náà máa ń fi ara rẹ̀ hàn bí o bá fi ìka yí i ká.

Èyí tí àgbá yí jáde, wàá rí ìlà tó ń pòòyì láti ìdí dé etí. Èyí tí wọ́n da ẹrọ̀fọ̀ sí nínú mọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ á máa tẹ̀lé gbogbo kọ́lọfín ìta: ibi tí ìta bá yọ, inú á jin síbẹ̀, ó sì máa ń fúyẹ́ lọ́nà tó ń yani lẹ́nu. Wọ́n máa ń po èròjà sí ẹrọ̀fọ̀ yẹn kó lè ṣàn bí omi, ara ìkòkò á sì dán gbinrin láìní hóró kankan. Èyí tí mò ń sá fún jù nìyẹn.

Láàárín ọwọ́ pátápátá àti dídà sí mọ́ọ̀dù, ohun kan wà tí ẹ̀yin tó ń bára yín jà nínú èsì yín kò fẹ́ gbà pé ó wà: wọ́n á fi ọwọ́ lu amọ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á wá gbé e sínú mọ́ọ̀dù POP, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri rẹ̀ láti inú. Nǹkan bí 1958 ni èyí gbilẹ̀ nílé iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Dingshu. Ẹni tó bá ní gbàrọgùdù ni gbogbo èyí tó bá ti fara kan mọ́ọ̀dù yóò kó ìkòkò àìmọye tí àwọn ọ̀gá gidi bójú tó dànù. Mo ní irú rẹ̀ nílé, mo sì ń mu tíì níbẹ̀ láìkábàámọ̀. Ibi tí irọ́ ti wọ̀ ọ́ ni kí wọ́n tà á lówó èyí tí wọ́n fi ọwọ́ mọ látòkè délẹ̀. Èyí tí ọwọ́ mọ pátá gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó parí. Ti mọ́ọ̀dù, ẹni kan lè ṣe bíi mélòó kan lóòjọ́. Ìyàtọ̀ owó wọn yẹ kí ó hàn.

Ẹni tó ti yẹ àdìrẹ ẹlẹ́kọ wò rí mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti gba ọjà, ojú wọn sì jọra. Ẹ̀yìn aṣọ ló ń tú wọn fó.

Ìkìlọ̀ kan o. Àwọn tó ń tà náà mọ̀ pé à ń wo inú. Wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ kékeré fa ìlà sínú ìkòkò mọ́ọ̀dù kí ó lè dà bí iṣẹ́ ọwọ́. Bí ìlà inú bá tò lẹ́sẹẹsẹ jù, tí ó sì dà bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ kí o rí i, fura.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti kẹ́míkà. Ìyá kan kọ̀wé pé òun gbọ́ pé májèlé ni gbogbo rẹ̀, kí ọmọ náà sọ ọ́ nù.

Ohun tí ìyá gbọ́ ní orísun. Ní oṣù karùn-ún 2010, tẹlifíṣọ̀n ìjọba China, CCTV, gbé ètò kan jáde tó mi gbogbo ọjà Yixing jìgìjìgì. Wọ́n fi hàn bí àwọn kan ṣe ń kó amọ̀ olówó pọ́ọ́kú láti ibòmíràn, tí wọ́n ń po àfikún bí iron oxide àti manganese sí i kí ó lè gba àwọ̀ zisha. Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn sọ pé àwọ̀ tí a fi kún un ti di ayédèrú lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà Republic, lẹ́yìn tí ìjọba ọba parí ní China ní 1912, ni àwọn amọ̀kòkò Yixing fúnra wọn ti ń fi cobalt díẹ̀ sí amọ̀ kan kí ó lè di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, àwọn olùkójọ sì ń wá irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lójú méjèèjì lónìí. Ohun tó yẹ kó dá èèyàn dúró ni àwọ̀ tó ń pariwo: pupa bí ata rodo, ewé bí ike, dúdú tí kò ní hóró kankan nínú. Zisha gidi, bí o bá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, wàá rí hóró oríṣiríṣi, pípọ́n, ràkọ̀ràkọ̀, àti àmì dúdú kéékèèké níbi tí irin inú òkúta ti yọ́. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo máa ń gbé e padà sórí pẹpẹ.

Èyí tó rọrùn jù: da omi híhó sí i, bò ó, dúró díẹ̀, ṣí i, fi imú sí i. Erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, kò burú. Òórùn ọ̀dà, epo tàbí pólíìṣì bàtà, dá a padà fún olóhun. Pólíìṣì bàtà kì í ṣe àwàdà o. Òun àti ìda ni wọ́n fi ń pa ìkòkò tuntun lára kí ó lè dán bí èyí tí wọ́n ti fi mu tíì láti ìgbà bàbá ńlá.

* * *

"Kò sí ojúlówó mọ́ láyé. Wọ́n ti ti ibi ìwakùsà Huanglongshan pa ní 2005. Gbogbo èyí tí ẹ bá rà lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀tàn ni."

Mo máa ń rí gbólóhùn yìí níbi gbogbo. Ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́: wọ́n tì í, kí òkúta náà má bàa tán. Ìdajì kejì ni kò tẹ̀lé e. Òkúta tí wọ́n ti wà kí wọ́n tó tì í kò fò lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ àti àwọn ìdílé kó o jọ pelemọ. Tí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Dingshu, nǹkan náà ń jáde. Àwọn apá mìíràn ní Yixing sì ní tiwọn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lórúkọ tó Huanglongshan.

Èmi gbà pé ohun tí títì yẹn ṣe gan-an ni pé ó fún àwọn oníṣòwò ní ìtàn tuntun láti tà. Gbogbo wọn ló wá ní amọ̀ tí bàbá wọn kó pamọ́ ní àwọn ọdún 1980. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, òkè náà ì bá ti pẹ́ tó ti di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi "amọ̀ àtijọ́" ṣe ìdí tí owó fi lọ sókè, bi í pé kí ló fi hàn lára ìkòkò yìí pé ó pẹ́. Dúró de èsì rẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òǹtẹ̀, nítorí òun ló kó àbúrò wa sí wàhálà, òun náà ni mo sì kà sí ẹ̀rí tó rọ jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn kan fèsì pé ká ya fọ́tò rẹ̀, ká fi wé ti inú ìwé, lẹ́tà sí lẹ́tà. Wọ́n ní bó bá bára mu, ó parí.

Kò parí. Òǹtẹ̀ ni ohun tó rọrùn jù láti dà kọ lára ìkòkò. Fọ́tò tó mọ́ gaara ti òǹtẹ̀ Gu Jingzhou wà nínú ìwé gbàǹjo, ẹ̀rọ á sì gbẹ́ ẹ bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́. Òǹtẹ̀ tí kò bára mu lè já irọ́. Èyí tó bára mu kò fi ohun kankan múlẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òde òní. Mengchen, orúkọ amọ̀kòkò kan tó gbé ayé nígbà tí ìjọba Ming ń parí lọ tí ti Qing ń bẹ̀rẹ̀, wà lára ìkòkò pupa kéékèèké tí àwọn ará Chaozhou, ìlú kan ní gúúsù China, fi ń se tíì wọn títí di òní. Kò sẹ́ni tó rò pé òun fúnra rẹ̀ ló mọ gbogbo wọn. Orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Ṣé a ó pe gbogbo wọn ní ayédèrú? Mo rí ẹni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó tẹ Mengchen sídìí ìkòkò ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ ní ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá tà á fún ọ lónìí pé ọwọ́ Mengchen ló mọ ọ́n ni onírọ́.

Èyí tó dùn jù nínú ìtàn yìí ni ti Gu Jingzhou fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ ní Shanghai ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn mú wá láti Yixing kí wọ́n wá mọ àwòkọ iṣẹ́ àwọn ọ̀gá Ming àti Qing, òǹtẹ̀ tòun ti gbogbo rẹ̀. Gu Jingzhou wà nínú wọn. Ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ àwọn àgbà ní ojúkojú, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti já fáfá. Ó wá di pé ìkòkò kan lè ní òǹtẹ̀ Chen Mingyuan, ọ̀gá amọ̀kòkò ìgbà Kangxi, ọba Qing kan, kí ó jẹ́ irọ́, kí ó sì tún wọ́n gógó nítorí pé Gu Jingzhou ló pa irọ́ náà. Ẹni tó bá ń wá ìlà kan tó mọ́ kedere láàárín ojúlówó àti ayédèrú, kí ó lọ jókòó ti èyí.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Fún amọ̀kòkò tó wà láàyè, ó ní ìwúlò díẹ̀, pàápàá bí òun fúnra rẹ̀ bá dúró ya fọ́tò pẹ̀lú ìkòkò náà gan-an. Síbẹ̀ ètò CCTV yẹn tú àṣírí mìíràn: àwọn tó ní oyè ńlá ń gba àwọn tí kò lóyè láti mọ ìkòkò, wọ́n á wá fi òǹtẹ̀ tiwọn tẹ̀ ẹ́. Òǹtẹ̀ gidi, ìwé ẹ̀rí gidi, ọwọ́ ẹlòmíràn. Fún amọ̀kòkò tó ti kú láti 1996, ta ló fọwọ́ sí ìwé rẹ, àbúrò? Wò ó dáadáa.

* * *

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní London béèrè nípa ìkòkò pupa kékeré tí òun rí ní ṣọ́ọ̀bù àánú, òǹtẹ̀ onígun mẹ́rin wà nídìí rẹ̀, dírágónì kan yọ orí lára ọmọrí, ahọ́n rẹ̀ ń jáde tó bá ń da tíì.

Ẹ̀gbọ́n, irú oní-dírágónì yẹn ti wà láti ìgbà Qing, àmọ́ èyí tí wọ́n mọ fún ọjà òkèèrè pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí òǹtẹ̀ náà bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin tó ń sọ pé Zhongguo Yixing, ìyẹn ni ilé iṣẹ́ ìjọba lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹlòmíràn sì dà á kọ lẹ́yìn náà. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò bí mo ṣe wí.

Ṣùgbọ́n fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Yúróòpù, ìbéèrè kan ṣáájú gbogbo èyí: ṣé China ló ti wá rárá? Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni ọkọ̀ àwọn ará Netherlands ti ń kó ìkòkò pupa yìí lọ sí Yúróòpù, àwọn ará ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwòkọ rẹ̀ kíá. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò amọ̀kòkò kan, Elers, ṣe é ní Staffordshire ní England ní àwọn ọdún 1690. Ará Germany kan, Böttger, ṣe tirẹ̀ ní Saxony ní nǹkan bí 1708, kí ó tó di pé tánńganran ìlú Meissen níbẹ̀ jáde. Àwọn kan lára àwòkọ wọ̀nyẹn ní òǹtẹ̀ tó dà bíi ti China. Tí ẹ bá rí ojúlówó Elers ní ṣọ́ọ̀bù àánú, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ sanwó, ẹ máa lọ. Japan náà wà ńbẹ̀: ní 1878, àwọn ará Tokoname gba ará China kan, Jin Shiheng, wá kọ́ wọn ní ọ̀nà Yixing. Títí di òní, ìkòkò pupa wọn ń rìnrìn àjò kiri ayé, ẹni tí kò mọ̀ á sì pè é ní Yixing.

* * *

"Tíì ni tíì. Ṣé ìkòkò ló ń mu ún ni?"

Bọ̀dá tó kọ èyí, ẹ ní àwíjàre díẹ̀. Wọ́n ń sọ pé zisha ń mí, pé ó ń gba òórùn tíì sára, pé tó bá pẹ́, ẹ lè da omi híhó lásán sí i kó di tíì. Èyí ìkẹyìn yẹn, àlọ́ ni. Pé ó ní ihò kéékèèké tó ń fa òórùn díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ya ìkòkò tí mo fi ń se pu'er, irú tíì China kan, sọ́tọ̀. Tí mo bá fẹ́ mọ bí tíì tuntun ṣe rí gan-an, abọ́ tánńganran ni mo ń lò, torí kò ní fi ohunkóhun kún un, kò sì ní yọ ohunkóhun kúrò. Fún tíì aláwọ̀ ewé (green tea), mi ò tiẹ̀ dámọ̀ràn zisha.

* * *

Olùbéèrè ti padà wá pẹ̀lú fọ́tò. Ó ní omi híhó kò ní òórùn kankan. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àgbálùmọ̀ tó gbẹ, hóró ràkọ̀ràkọ̀ wà lára rẹ̀. Nínú, ìlà kan wà lẹ́yìn ọwọ́, tó tọ́ tó sì dọ́gba bí ẹni fi rúlà fà á, àmì ìtẹ̀mọ́ra sì wà káàkiri ògiri inú. Ó lọ bá ẹni tó tà á, onítọ̀hún fárígá, ó ní kí ó lọ san yuan 500 fún "ọ̀mọ̀ràn" kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì tí yóò fi ìwé jẹ́rìí sí i.

Má san kọ́bọ̀. Ọ̀mọ̀ràn tí ẹni tó tajà bá júwe kì í rí ẹ̀sùn sí ọjà.

Èrò tèmi lórí fọ́tò rẹ nìyí. Amọ̀ náà dára, zini, irú zisha kan, tí kò ṣe àkànṣe ni, mi ò rí ìdí láti pè é ní májèlé. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìlà ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ọ̀bẹ fà lẹ́yìn náà. Ọmọrí rẹ̀ bá a mu, ẹnu ṣọnṣọ rẹ̀ tọ́, tíì á jáde dáadáa. Ní Dingshu, irú rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí kò lóyè kò ju ọgọ́rùn-ún yuan mélòó kan lọ. Ìkòkò gidi ni, orúkọ irọ́ ni wọ́n fi gbé e sókè.

Àwọn kan ń sọ fún un pé kó ju ìwé ẹ̀rí náà nù, pé bébà lásán ni. Ẹ gbà mí o! Ìwé yẹn ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tó rà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ dúdú lórí funfun pé Gu Jingzhou ló mọ ìkòkò yìí. Òfin ààbò oníbàárà ní China, abala 55, sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀tàn tajà yóò dá owó padà, yóò sì tún san ìlọ́po mẹ́ta owó náà gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Ìwé ẹ̀rí yẹn, àkọsílẹ̀ owó tí o san láti orí WeChat, àti fọ́tò ṣọ́ọ̀bù náà, kó wọn jọ. Mú ọ̀gá oníbàtà rẹ tó gbọ́ èdè dání, ẹ lọ bá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀, ẹ má lọgun. Bí ó bá kọ̀, 12315 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ẹjọ́ oníbàárà, jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí oníṣòwò bá ti rí i pé o mọ nọ́ńbà yẹn, á ní kí ẹ jókòó, á gbé omi kaná.

Títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, má se tíì kankan mọ́ nínú rẹ̀. Fi omi ṣàn án, jẹ́ kí ó gbẹ dénú, ká a sínú bébà. Tí àwọ̀ tíì bá fi lè hàn nínú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó tà á yóò sọ ni pé o ti lò ó, pé òun kò lè gbà á padà.